Mo ti kó jáde, àmọ́ orúkọ mi ṣì wà lórí owó iná

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Àwa mẹ́ta la jọ gba ilé. Iṣẹ́ gbé mi lọ kí àdéhùn tó parí, ṣùgbọ́n mo ti san ìpín tèmi nínú owó ilé títí dé òpin. Àwọn méjì tó kù ní kí n ṣì máa dá ìdá kan nínú mẹ́ta owó iná, omi àti íntánẹ́ẹ̀tì.

Màá san ti íntánẹ́ẹ̀tì, iye kan náà ni lóṣooṣù, a sì jọ tọwọ́ bọ̀wé rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iná àti omi tí mítà ń kà! Mo ya fọ́tò mítà méjèèjì lọ́jọ́ tí mo kó jáde, mo fi ránṣẹ́ sí wọn, mo sì san gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Ìwé àdéhùn ò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá tètè lọ.

Èyí tó ń já mi láyà jù ni pé orúkọ mi ni owó iná ń bá jáde. Wọn ò gbà láti fi orúkọ tiwọn sí i, n ò sì fẹ́ kí wọ́n wà lókùnkùn.

Ẹ̀yin tó ti bá irú ẹ̀ pàdé, báwo ni mo ṣe lè yọ orúkọ mi láì gé iná wọn? Ṣé fọ́tò mítà yẹn sì tó ẹ̀rí bí gbèsè bá ṣẹ́ yọ?