Àbọ̀ ìbéèrè mi: John Wayles tó jáde lẹ́ẹ̀mejì

Mo ti rí ojútùú o. Mo bèèrè lọ́wọ́ yín níbí ìdí tí John Wayles ará Virginia ní Amẹ́ríkà fi ń jáde lẹ́ẹ̀mejì nínú àwọn baba ńlá Francis Eppes, ẹni tí wọ́n bí ní 1801. Mo rò pé kọ̀ǹpútà tí mo fi ń to ìran náà ló ṣì í.

Kò ṣì í. Ẹni tó dá mi lóhùn pé kí n kọ ìlà ìyá sórí bébà kí n tó fọwọ́ kan ìlà bàbá ló gbà mí. Ọbàkan ni Martha, ìyàwó Thomas Jefferson tó di ààrẹ Amẹ́ríkà, àti Elizabeth: Wayles ló bí wọn, ìyá wọn yàtọ̀. John Wayles Eppes ọmọ Elizabeth ló wá fẹ́ Maria ọmọ Martha ní 1797, wọ́n sì bí Francis. Bàbá ìyá ìyá rẹ̀ àti bàbá ìyá bàbá rẹ̀, ẹnì kan náà ni! Lọ́dọ̀ wa èèwọ̀ ni, àmọ́ láàárín àwọn olóko ńlá Virginia nígbà náà, irú ìgbéyàwó báyìí máa ń jẹ́ kí ilẹ̀ àti ẹrú dúró sínú ẹbí.

Mo gbìyànjú ìmọ̀ràn ẹlòmíràn pé kí n pa ọ̀kan nínú Wayles méjèèjì rẹ́, ṣùgbọ́n ṣe ló já Elizabeth sọnù. Kíkọ ọdún ìbí sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ràn mí lọ́wọ́ díẹ̀, torí àwọn Francis Eppes pọ̀. Ó ku ìlà Martha Eppes, ìyàwó àkọ́fẹ́ Wayles. Ẹ ṣé gan-an.