Ímeèlì ẹgbẹ́ wa kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn kan mọ́

Ọmọ Ìkọ̀lé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Lísìtì ímeèlì ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa tí mò ń bójú tó láti Adó-Èkìtì ńbí, bí àwọn kan bá kọ nǹkan síbẹ̀, ìdajì ẹgbẹ́ ò ní rí i, tèmi sì ń wọlé dáadáa. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ará Ìjerò: Àbúrò, DMARC nìyẹn, òfin tí ẹni tó ni domain (orúkọ tó wà lẹ́yìn @ nínú àdírẹ́sì) fi ń sọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí lẹ́tà tí kò bá dájú pé ọ̀dọ̀ ẹ̀ ló ti wá. Yahoo ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní April 2014, AOL tẹ̀ lé e, wọ́n ní lẹ́tà yòówù tó bá gbé orúkọ àwọn tí SPF (àkọsílẹ̀ àwọn kọ̀ǹpútà tó láṣẹ láti fi lẹ́tà domain kan ránṣẹ́) àti DKIM (èdìdì tó ń fi hàn pé wọn ò yí lẹ́tà padà lọ́nà) ò sì jẹ́rìí sí, kí ilé iṣẹ́ ímeèlì tó bá gbà á dá a padà. Sáfà yín, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín lẹ́tà lísìtì, ló ń tún un fi ránṣẹ́ o, SPF ti bàjẹ́ nìyẹn, ẹ wá tún ń lẹ orúkọ ẹgbẹ́ mọ́ àkòrí, ìyẹn náà ba DKIM jẹ́.

Ìyá Ìbejì: Ṣé kí wọ́n pààrọ̀ àdírẹ́sì wọn ni?

Ará Ìjerò: Rárá mà. Tó bá jẹ́ Mailman, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí lísìtì ímeèlì, ló ń lò, kó tan Munge From nínú ẹ̀, àdírẹ́sì lísìtì ló máa hàn níwájú dípò ti ẹni tó kọ lẹ́tà. Kò rẹwà lójú tèmi, ṣùgbọ́n lẹ́tà á dé. Kó sì fi SPF àti DKIM sí domain ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀, torí láti February 2024 ni Gmail ti ń béèrè ó kéré tán ọ̀kan lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí wọn.

Ọmọ Ìkọ̀lé: Mailman ni ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé gan-an, mo ti ń wọlé síbẹ̀.