Báwo ni èròjà ewéko tí kì í wọ ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀?

Àdùkẹ́ béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin onímọ̀. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún ìyá mi fi hàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ wọn, bẹ́ẹ̀ wọn kì í fẹnu kan ọtí. MASLD, orúkọ irú àìsàn ọ̀rá ẹ̀dọ̀ yìí, ni wọ́n kọ sínú ìwé èsì náà. Dókítà ní kí wọ́n dín ìwọ̀n ara kù, kí wọ́n sì jìnnà sí ohun mímu aládùn. Lẹ́yìn èyí ni ẹnìkan mú ike berberine oníkápúsù wá fún wọn, ó ní inú gbòǹgbò àti èèpo igi ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àti pé yóò fọ ọ̀rá náà dànù. Mo wá kà á pé bí èèyàn bá gbé e mì, èyí tí ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá 1 nínú 100. Kí ni ohun tí kò wọ ẹ̀jẹ̀ wá fẹ́ ṣe fún ẹ̀dọ̀? Àwọn kan ní bakitéríà inú ìfun ni ó ń bá a ṣiṣẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tajà ni?

Olùkọ́ Báólójì dáhùn pé:

Bẹ́ẹ̀ ni, bakitéríà lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ojú ọ̀nà. Nǹkan bí ìdá 3 nínú 4 ẹ̀jẹ̀ tí ó ń wọ ẹ̀dọ̀ ni ó ń gba inú iṣan ńlá kan tí ó ti ọ̀dọ̀ ìfun wá, nítorí náà ohun tí ó bá gba ara ìfun bọ́ sínú iṣan yìí, ìbáà jẹ́ oúnjẹ, ìbáà jẹ́ májèlé, ẹ̀dọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń gbà á lálejò kí ó tó dé ibòmíràn.

Ní ti berberine, àwọn bakitéríà kan ní ẹ́ńsáìmù tí ó ń sọ ọ́ di dihydroberberine, èyí tí ó rọrùn fún ara ìfun láti fà mu. Bí ó bá sì ti wọlé tán, yóò tún padà di berberine. Èyí tí ó kù sínú ìfun kò jókòó lásán, ó ń dín irú bakitéríà kan kù, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún òmíràn. Bákan náà ni polyphenol, ọ̀wọ́ èròjà ewéko tí ó wà nínú èso àti tíì: èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í gba inú ìfun kékeré wọlé, ìfun ńlá ni wọ́n ń bá lọ, ibẹ̀ ni bakitéríà ti ń gé wọn sí wẹ́wẹ́. Láti ara ellagitannin, irú polyphenol kan inú wólúnọ́ọ̀tì, ni bakitéríà ti ń ṣe urolithin, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ni ó ní bakitéríà tí ó mọ iṣẹ́ náà ṣe. Títí di òní ni ó ń yà mí lẹ́nu pé èèyàn méjì lè jẹ ohun kan náà, kí a rí urolithin nínú ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan, kí a má rí i lára èkejì.

Bakitéríà lè ṣe ẹ̀dọ̀ níbi pẹ̀lú. Nígbà tí omi yíyọ̀ tí ó bo ara ìfun bá fẹ́lẹ́, endotoxin, tí í ṣe ègé ara àwọn bakitéríà kan, a máa jò gba ibẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì Kupffer tí ń ṣọ́ ẹ̀dọ̀ yóò gbéjà kò ó, ìjà náà bí ó bá pẹ́ yóò sì dá àpá sí ẹ̀dọ̀ lára. Ní 2019, àwọn onímọ̀ ní Ṣáínà fi hàn pé irú bakitéríà Klebsiella pneumoniae kan ń sọ ṣúgà di ọtí nínú ìfun àwọn aláìsàn kan. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú eku, ọ̀rá gba ẹ̀dọ̀ eku náà. Ẹni tí kì í mu ọtí lè máa gba ọtí láti inú ara rẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí bakitéríà bá rí fáíbà jẹ, ìyẹn fọ́nrán oúnjẹ tí ara wa kò lè dà, lára ohun tí wọ́n ń ṣe ni butyrate, oúnjẹ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ìfun ńlá.

Apòògùn dáhùn pé:

Mo fara mọ́ àlàyé Olùkọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ike yẹn ń kọ mí lóminú. Púpọ̀ nínú ohun tí a ń kà nípa èròjà ewéko àti ẹ̀dọ̀, lára eku ni wọ́n ti rí i. Berberine lè dí àwọn ẹ́ńsáìmù tí ẹ̀dọ̀ fi ń tú oògùn mìíràn palẹ̀ lọ́wọ́, kí oògùn yẹn wá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀. Ó sì tún ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ pé ewéko kò lè pani lára. Ní 2018, àjọ EFSA tí ń rí sí ààbò oúnjẹ nílẹ̀ Yúróòpù kìlọ̀ lórí EGCG tí wọ́n ń yọ lára ewé tíì: àwọn tí ń gba mílígíráàmù 800 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ nínú oògùn àfikún, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àwọn kan nínú wọn fi àmì hàn pé ẹ̀dọ̀ ń fara pa, bẹ́ẹ̀ àjọ náà kò rí irú ewu yìí nínú tíì tí a rẹ sínú omi gbígbóná bí ó ti yẹ. Kápúsù ata ilẹ̀ pupa náà ti ba ẹ̀dọ̀ àwọn kan jẹ́. Oògùn mìíràn wo ni ìyá yín ń lò?

Àdùkẹ́:

Ẹ ṣeun gan-an, sà. Metformin ni wọ́n ń lò fún àtọ̀gbẹ. Mo ti gba ike náà lọ́wọ́ wọn. Ṣé oúnjẹ nìkan wá lè ṣe é?

Onímọ̀ Oúnjẹ dáhùn pé:

Ẹ kò ṣe àṣìṣe, ẹ mú ike náà lọ han dókítà wọn. Oúnjẹ lè ṣe púpọ̀. Bí ìwọ̀n ara bá fi ìdá 5 nínú 100 dín kù, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ a máa dín. Bí ó bá tó 7 sí 10, wíwú inú ẹ̀dọ̀ pàápàá a máa rọlẹ̀. Nínú ìwádìí olóṣù 18 kan tí èsì rẹ̀ jáde ní 2021 ní Ísírẹ́lì, àwọn tí wọ́n jẹ oúnjẹ tí polyphenol pọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì dín ẹran pupa kù, pàdánù ìdá 39 nínú 100 ọ̀rá ẹ̀dọ̀ wọn, nígbà tí àwọn tí ń jẹ oúnjẹ agbègbè òkun Mẹditaréníà lásán pàdánù 20, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n ara tí ìsọ̀rí méjèèjì dín kù kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Èyí ni ó mú kí n gbà pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ara nìkan.

Ẹ̀wà, ewébẹ̀, èso tí a jẹ tòun ti èèpo rẹ̀ níbi tí èèpo bá ṣeé jẹ, àti ọkà tí a kò bó: ẹ máa fi wọ́n kún oúnjẹ ìyá díẹ̀díẹ̀, nítorí pé bí fáíbà bá ya wọlé lójijì, inú á wú, wọn á sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ẹ bá padà sọ́dọ̀ dókítà, ẹ béèrè ìṣirò FIB-4. Ọjọ́ orí, AST àti ALT (ẹ́ńsáìmù ẹ̀dọ̀ tí wọ́n ń wọ̀n nínú ẹ̀jẹ̀) àti iye sẹ́ẹ̀lì tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì ni wọ́n fi ń ṣe é, òun ni ó sì ń fi mọ̀ bóyá àpá ti lè bẹ̀rẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀.