Sọ́fítíwíà DOS ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa láti 1994 kò fẹ́ ṣí lórí Windows 11

Akọ̀wéAlájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan níbí ní Ìbàdàn. Láti 1994 la ti ń lo sọ́fítíwíà kan tí bàbá kan nínú ẹgbẹ́ kọ fún wa, bàbá náà ti ṣaláìsí, kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Inú ẹ̀ ni gbogbo nǹkan wà, owó ìfipamọ́, ẹni tó yá owó, ẹni tó dúró fún un, èlé tó kù, ká má wulẹ̀ máa kà á. Kọ̀ǹpútà tó wà lórí ẹ̀, Windows 98 ni, móníńtọ̀ ẹ̀ ṣì ni àwọn onídìí gbọ̀ngbọ̀n yẹn, háàdì dísíìkì inú ẹ̀ sì ti ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀ láàárọ̀ tá a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, ọkàn mi kì í balẹ̀.

Alága wá ní ká ra láptọ́ọ̀pù tuntun, a rà á, Windows 11 ló bá a wá. CD kan wà tí wọ́n kọ sọ́fítíwíà yẹn sí láyé ọjọ́sí, mo kó o sórí láptọ́ọ̀pù, mo kílíìkì KOOPU.EXE, ó kàn kọ ọ́ síwájú mi pé "This app can't run on your PC", ó tán. Mo lọ sí Compatibility Mode, mo yan Windows 95, mo yan Windows 98, ìkan náà ni. Kí ló fà á? Ṣé ọ̀nà kankan ṣì wà? Àti pé dátà tòótọ́ orí kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn ló wà, ti inú CD ti pẹ́ jù, mo ki fíláàṣì bọ kọ̀ǹpútà náà, kò tiẹ̀ mọ̀ pé nǹkan kan wọlé. Ìkẹta, Epson LX-300 la fi ń tẹ rìsíìtì, èyí tó máa ń pariwo yẹn, àwọn àgbà ẹgbẹ́ ò gba rìsíìtì mìíràn gbọ́. Ẹ ṣé o.

Oníṣẹ́_Òṣogbo

Ẹ kú làálàá akọ̀wé. Compatibility Mode yẹn ò lè ràn yín lọ́wọ́, ẹ fi sílẹ̀. DOS ni wọ́n kọ sọ́fítíwíà yín fún, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà kí Windows tó gbòde, 16-bit ni, ọ̀nà àtijọ́ tí prósẹ́sọ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Windows 32-bit ní nǹkan kan nínú tó ń jẹ́ NTVDM, òun ló máa ń ṣe bí ẹni pé DOS lòun kí irú sọ́fítíwíà bẹ́ẹ̀ lè ríbi jókòó. Windows 64-bit ò ní i rárá, torí bí prósẹ́sọ̀ bá ti wọ ipò 64-bit, ipò kan báyìí tí DOS máa ń lò lábẹ́ Windows, V86 lorúkọ ẹ̀, kì í sí mọ́. Windows 10 ṣì ní ẹ̀dà 32-bit tẹ́ ẹ lè tan NTVDM nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n Windows 11, 64-bit nìkan ni wọ́n ṣe é. Windows 10 náà rèé, Microsoft ti ṣíwọ́ lára ẹ̀ ní October 14, 2025, mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ padà sẹ́yìn.

Ní ti fíláàṣì, Windows 98 ò bá díráfà fíláàṣì wáyé, ẹ má wá a kiri. Ẹ ṣáà pa kọ̀ǹpútà yẹn, ẹ má sì tàn án mọ́, torí háàdì dísíìkì tó ń dún kẹ̀-kẹ̀-kẹ̀, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tàn án lẹ̀ ń tẹ́ tẹ́tẹ́. Ẹ tú u jáde, ẹ ra ádápítà IDE (irú ojú wáyà tí háàdì dísíìkì àtijọ́ ń lò) sí USB, kó jẹ́ èyí tó ní iná tiẹ̀ lọ́tọ̀ nítorí iná USB ò lè gbé háàdì dísíìkì 3.5, ẹ wo jọ́ḿpà kékeré tó wà lẹ́yìn ẹ̀ kó wà ní ipò master, kẹ́ ẹ wá so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù. Windows 11 máa ka FAT32, ọ̀nà tí Windows 98 fi ń to fáìlì sórí dísíìkì, wẹ́rẹ́. Ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ KẸ́ Ẹ TÓ fọwọ́ kan ohunkóhun, mo bẹ̀ yín.

Bọ̀dáExcel

Ẹ jù ú nù jàre. Sọ́fítíwíà 1994 ní ayé tá a wà yìí? Ẹ ṣí Excel, ẹ ko orúkọ síbẹ̀, ẹ ko owó síbẹ̀, ó parí, kí ni gbogbo wàhálà yìí fún.

Màmá_Clipper

Bọ̀dáExcel, ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ ti jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rí, lọ́jọ́ tí ẹnì kan dìde tó ní owó òun ò pé? Inú Excel, ẹni tó bá ti lè ṣí fáìlì lè yí náírà padà kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Àti òfin èlé yẹn, iye tí wọ́n ń yọ, ọjọ́ tí wọ́n ń yọ ọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí onídùúró bí ẹni tó yáwó bá sá, inú sọ́fítíwíà yẹn ni gbogbo ẹ̀ wà, bàbá tó mọ̀ ọ́n sì ti lọ. Ẹ ò lè jí i dìde kó wá ṣàlàyé. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ ná, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ fẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Akọ̀wé ọmọ mi, bá mi wo inú fódà yẹn, ṣé o rí fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .DBF àti .NTX? Tó o bá rí .NTX, Clipper ni wọ́n fi kọ ọ́, èdè kan tí a fi ń kọ sọ́fítíwíà fún DOS, mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó, òun lèmi náà fi kọ sọ́fítíwíà owó oṣù fún àwọn ènìyàn nígbà tí mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ilé iṣẹ́ Nantucket ló ṣe é, kí Computer Associates tó ra Nantucket ní 1992. Tó bá jẹ́ Clipper, fọkàn balẹ̀. Fáìlì .DBF ò ní àṣírí kankan nínú, iwájú ẹ̀ ni wọ́n kọ orúkọ àyè kọ̀ọ̀kan àti bó ṣe fẹ̀ tó sí, lẹ́yìn náà àkọsílẹ̀ àwọn ènìyàn tẹ̀ lé ara wọn gbọọrọ, LibreOffice Calc á ṣí i fún ẹ láìsanwó. ṢÙGBỌ́N ẹ̀dà ni kó o ṣí, má ṣí ojúlówó, má sì fi LibreOffice tọ́jú nǹkan kan padà sínú ẹ̀, torí .NTX ni atọ́ka, inú ẹ̀ ni sọ́fítíwíà ti ń wá orúkọ, tí .DBF bá yí tí .NTX ò gbọ́, o máa wá Àlàbí, á gbé Àjàyí fún ẹ.

Akọ̀wéAlájẹṣẹ́kù

Ẹ kú ìtọ́jú wa mà. Ọmọkùnrin kan tó ń ṣàtúnṣe kọ̀ǹpútà ládùúgbò ní ádápítà yẹn, a tú háàdì dísíìkì, ó gbé e wá, mo ti kó gbogbo ẹ̀ jáde! Mo rí EGBE.DBF, IFIPAMO.DBF, OWOYA.DBF, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní .NTX tiẹ̀. Mo fi LibreOffice ṣí ẹ̀dà, orúkọ gbogbo wa ló wà níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti kú.

Nǹkan kan wá pa mí lẹ́rìn-ín. Alága wa, wọ́n bí wọn ní 1948, àmọ́ ohun tó wà níbẹ̀ ni 2048. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Màmá_Clipper

Kò bàjẹ́. Ìgbà wo ni alága wọ ẹgbẹ́? Mo lè búra pé lẹ́yìn 1999 ni. Nọ́ńbà méjì péré lẹ fi ń tẹ ọdún síbẹ̀, ẹ tẹ 48, sọ́fítíwíà ló ń pinnu bóyá 1948 ni àbí 2048. Clipper fúnra ẹ̀, tí wọn ò bá sọ nǹkan kan fún un, 1900 ló máa fi ṣe, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá tẹ 05 lónìí, 1905 ni, owó tẹ́ ẹ yá ènìyàn á wá dà bí èyí tí èlé ẹ̀ ti gùn ju ayé lọ. Bàbá yín mọ̀, nígbà tí 2000 ń bọ̀, ó jọ pé ó fi ìlà kan kún un, SET EPOCH TO 1950 tàbí ọdún tó sún mọ́ ọn. Tó bá jẹ́ 1950, láti 50 dé 99 á jẹ́ ti 1900 ọ̀hún, 00 dé 49 á jẹ́ ti 2000. Ọwọ́ ẹ̀ mọ́ lórí owó yíyá, àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1950 ni wọ́n kó sí i. Tí sọ́fítíwíà bá ti ṣí, tẹ 49, kó o tún tẹ 51, wo ohun tó máa kọ sínú .DBF, wàá mọ ibi tí ààlà wà.

ỌmọDOSBox

Ẹ̀gbọ́n akọ̀wé, bó ṣe máa ṣí rèé. Gbogbo ènìyàn máa sọ DOSBox fún yín, sọ́fítíwíà kan tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà DOS nínú Windows, èmi ní tèmi DOSBox-X ni mo máa ní kẹ́ ẹ gbé, torí àwọn tó ṣe DOSBox géèmù ni wọ́n ní lọ́kàn, kò ní pírìntà nínú. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì. vDosPlus náà wà, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni wọ́n tìtorí ẹ̀ ṣe é, òun náà dáa.

Ẹ ṣe fódà C:\DOS, kẹ́ ẹ kó fódà KOOPU síbẹ̀, kí ẹ ṣí DOSBox-X, kẹ́ ẹ wá tẹ:

mount c c:\dos
c:
cd koopu
set clipper=f:40
koopu

Mount yẹn ló ń fi fódà han DOSBox-X bíi C: tiẹ̀. Ẹ má mount gbogbo C: o, fódà yẹn nìkan, kó má baà sí ohun tí sọ́fítíwíà àtijọ́ máa lọ fọwọ́ kàn nínú Windows yín. Ìlà set clipper yẹn, iye fáìlì tó lè ṣí lẹ́ẹ̀kan náà ló ń sọ, torí fáìlì yín pọ̀, tí ẹ ò bá fi síbẹ̀ ó lè kọ̀ láàárín iṣẹ́.

Pírìntà: inú fáìlì dosbox-x.conf, ẹ wá ibi tó ti kọ [parallel], ẹ fi parallel1=printer síbẹ̀, lábẹ́ [printer] ẹ fi printer=true àti printoutput=printer. Sọ́fítíwíà yín á rò pé òun ń tẹ̀ ẹ́ sí LPT1, ojú ihò pírìntà ti DOS, DOSBox-X á gbà á, á gbé e fún pírìntà Windows. LX-300 yín, ẹ ra wáyà USB sí parallel kẹ́ ẹ so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, á hàn nínú Windows. Á lọ́ra díẹ̀ ju tàtijọ́ lọ torí bí àwòrán ni yóò ṣe máa tẹ̀ ẹ́, ariwo náà á sì pọ̀ sí i, àwọn àgbà yín á gbádùn ẹ̀.

Bọ̀dáExcel

Tó bá ń lọ́ra, ẹ kàn lọ gbé cycles, ìyẹn bí DOSBox-X ṣe ń sáré tó, sí max, láptọ́ọ̀pù tuntun ni, kí ló ń fà á sẹ́yìn.

Akọ̀wéAlájẹṣẹ́kù

Ó ṢÍÍÍ!!! Ẹ wo ojú-ìwé aláwọ̀ búlúù yẹn lórí láptọ́ọ̀pù, mo pariwo, ìyàwó mi sáré wọlé. Rìsíìtì náà jáde lára LX-300. Ẹ̀yin ènìyàn yìí, ẹ ò ní rí ibi.

Àmọ́ iṣẹ́ ìparí oṣù, tó bá ń ṣírò èlé gbogbo ènìyàn, ó ń fa ẹsẹ̀. Mo wá ṣe bí Bọ̀dáExcel ṣe wí, mo gbé cycles sí max, láti ìgbà yẹn tí mo bá ti ṣí i ó máa ń kọ "R6003 - integer divide by 0", á kú.

Màmá_Clipper

Hàà, R6003, ojúlùmọ̀ àtijọ́. Tí sọ́fítíwíà Clipper bá ń ṣí, ó máa ń wọn bí kọ̀ǹpútà ṣe yára tó, wọ́n kọ ọ́ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò rò pé kọ̀ǹpútà lè yára tó báyìí, tó bá yára jù, ìṣírò yẹn á di pínpín sí òdo, á ṣubú. Nígbà tí Pentium àwọn tó yára ń jáde, a rí i lọ́tùn-ún lósì. Max yẹn ló fà á. Fi cycles=fixed 20000 síbẹ̀, tó bá ṣí láìṣubú, gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, ìgbà tó bá tún kú, padà sẹ́yìn.

Wàyí o, ibi tí mò ń lọ látàárọ̀. DOSBox-X á gbé yín débì kan, ṣùgbọ́n tó o bá rí fáìlì .PRG, èyí tí bàbá yẹn fọwọ́ ara ẹ̀ kọ, irú bíi KOOPU.PRG, Harbour wà, ọ̀fẹ́ ni, òun ló gbọ́ èdè Clipper lóde òní. O máa tẹ hbmk2 koopu.prg, á ṣe .EXE tuntun tí Windows 11 máa ṣí fúnra ẹ̀, kò ní bèèrè DOS. Ìgbà yẹn lo máa lè tún ọ̀rọ̀ 1948 alága ṣe. Má kàn sáré kọ SET CENTURY ON o, torí ọdún á gùn sí i ní lẹ́tà méjì, á ti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ lórí ojú-ìwé. Sún EPOCH sẹ́yìn sí 1930 ni, ìyẹn á tó àwọn àgbà yín.

Akọ̀wéAlájẹṣẹ́kù

20000 ṣiṣẹ́ mà, èlé gbogbo ènìyàn jáde, ó sì bá ti oṣù tó kọjá mu. Kò sí .PRG nínú fódà. Àmọ́ mo lọ bi ìyá wa, ìyàwó bàbá yẹn, wọ́n gbé páálí kan jáde, dísíìkì pélébé 3.5 ló kún inú ẹ̀, ìkan tiẹ̀ wà tí bàbá kọ "KOOPU SOURCE" sí lára pẹ̀lú bírò. Ibo ni mo ti máa rí ohun tó lè kà á?

Oníṣẹ́_Òṣogbo

Wọ́n ń ta dísíìkì díráfà tí wọ́n ń ki bọ USB, Computer Village ní Ìkẹjà lẹ máa rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ́ẹ̀sì ẹ̀ lójú yín. Windows 11 á pè é ní A:.

Màmá_Clipper

Kó o tó ki dísíìkì yẹn bọ ọ́, yí i wo ẹ̀yìn, igun kan wà tí nǹkan dúdú kékeré kan ń yọ̀ nínú ihò. Fà á kí ihò náà ṣí gbangba, tó bá ti ṣí, kò sí kọ̀ǹpútà tó lè kọ nǹkan lé e lórí. Kó gbogbo .PRG tó bá wà níbẹ̀ jáde, kó o wá fi orúkọ wọn ránṣẹ́ síbí.