Móà tó ń fúnra ẹ̀ rìn àti koríko tó ki: ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Ará Ìmọ̀, Iléṣà:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ móà, maṣíìnì tí wọ́n fi ń gé koríko, ni mo gbé wá, èyí tó ń fúnra ẹ̀ rìn, tó jẹ́ pé èèyàn kàn máa dì í lọ́wọ́ mú á sì máa tẹ̀lé e ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Iléṣà, ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí, òkè lòkè ń wò, ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sì ni ẹ̀yìnkùlé ilé tí bàbá wa fi sílẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀ lemọ́lemọ́ báyìí, koríko ibẹ̀ ò ní ṣeré pẹ̀lú ẹnikẹ́ni, eruwa ni, patanmọ́ ni, ewé Akíntọ́lá á ti yọrí láàárín wọn, ẹ kàn rìnrìn àjò ọ̀sẹ̀ méjì péré, ẹ ò ní rí ojú ọ̀nà kànga mọ́.

Ní 2023 mo ra móà kan l'Ékòó. Oṣù méje ni mo fi kó owó ẹ̀ jọ. Ẹni tó tà á fún mi tan án níwájú mi lórí kọnkéré, ó rìn geere, inú mi dùn, mo sanwó. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo gbé e wọ koríko nílé ni mo rí nǹkan, táyà iwájú ẹ̀ kàn ń yí lójú kan, ó ń ha ilẹ̀ bíi ti adìẹ, móà fúnra ẹ̀ ò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí àpò ẹ̀yìn tó ń gba koríko wá kún, ó tún burú sí i, èmi ni mò ń fi àyà tì í gòkè, ọwọ́ ń dùn mí, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé táyà iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń yí nínú tèmi. Téèyàn bá ń gùnkè, ẹ̀yìn ni ìwúwo máa ń rọ́ lọ, iwájú á fúyẹ́, táyà ò ní rí ilẹ̀ dì mú. Kò sẹ́ni tó sọ ìyẹn fún mi níbi tí mo ti rà á.

Mo fẹ́ ra òmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá ti lo irú ẹ̀ nílẹ̀ wa níbí ni kó dá mi lóhùn, ohun tí wọ́n kọ sára páálí ti sú mi.

Agékoríko Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà, ẹ sì kú ìnáwó. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí láti 2014, mò ń gé ní Parakin, mò ń gé ní Mayfair, títí dé àwọn ilé tuntun ojú ọ̀nà Òǹdó. Ohun tẹ́ ẹ sọ nípa táyà yẹn, òótọ́ gbáà ni. Táyà ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ lọ wá. Ti iwájú dáa fún ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n gbin kápẹ́ẹ̀tì gíráàsì sí, torí ẹ kàn máa tẹ ọwọ́ ẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀ ni, iwájú á gbéra, ẹ ó sì yí i padà wẹ́rẹ́. Lórí òkè àti nínú koríko tó ki, kò lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ èyí tó jẹ mí lógún jù. Pé ó ń fúnra ẹ̀ rìn ò sọ pé ó lágbára àtigé koríko o. Ẹ́ńjìnnì kan náà ló ń yí bíléèdì, òun náà ló tún ń ti táyà, iṣẹ́ méjì lọ́rùn ẹnì kan. Èyí tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju 140cc lọ (cc ni wọ́n fi ń wọn bí ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó), tó bá wọ eruwa, ohùn ẹ̀ á yí padà, á máa kérora, kò ní pẹ́ kú. Èmi ò gbé ohun tó bá kéré sí 160cc wọ ilé oníkoríko mọ́, 190cc ni mò ń lò báyìí, fífẹ̀ bíléèdì ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 21. Irin sì ni kẹ́ ẹ jẹ́ kí ìdérí tó bo bíléèdì jẹ́, kó má jẹ́ rọ́bà, torí òkúta ilẹ̀ wa.

Ìyà tó jẹ mí ní 2016 ló kọ́ mi ní ìyókù. Ilé kan táwọn tó ni ín ti rìnrìn àjò fún ọdún kan gbáko, koríko ibẹ̀ dé mi nídìí. Mo gbé móà wọlé tààrà bí ẹni ń lọ jagun. Mo ge díẹ̀ ó kú, mo fa okùn ó jí, mo tún gé díẹ̀ ó tún kú, bẹ́ẹ̀ títí mo fi gbọ́ gbàmù, gbogbo ara móà gbọ̀n. Irin rọ́ọ̀dù táwọn bíríkìlà fi sílẹ̀ ni bíléèdì lọ bá. Ọ̀pá tó so bíléèdì mọ́ ẹ́ńjìnnì ló tẹ̀, owó tí mẹ́káníìkì bu lé e fẹ́ẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì mìíì. Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn, mi ò ní tàn yín, torí òun nìkan ni mo ní.

Látìgbà náà, mo máa ń kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn ká ilẹ̀ ni, pẹ̀lú ráínbúùtù àti ọ̀pá gígùn, torí ejò àti torí irin, ìgò, wáyà. Lẹ́yìn náà n ó fi maṣíìnì tí wọ́n ń gbé kọ́ èjìká, tàbí àdá, ṣán an wálẹ̀ sí bí ojúgun, n ó kó koríko yẹn kúrò, ìgbà yẹn ni móà á tó wọlé. Ibi tó ga jù tí móà ti lè gé koríko ni n ó gbé e sí, tèmi dé íǹṣì 4. Ẹ ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kalẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìdá kan nínú mẹ́ta gíga koríko ni kẹ́ ẹ máa mú lẹ́ẹ̀kan, tó bá tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, ẹ padà wá, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀. Koríko tẹ́ ẹ bá gé mọ́lẹ̀ lójijì máa ń pọ́n, igbó á wá gba ipò ẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Mọdákẹ́kẹ́:

Ẹ kú iṣẹ́ o àbúrò, iṣẹ́ yín á máa gbé yín o. Bọ̀dá Iléṣà, ẹ gbọ́ tèmi náà. Olùkọ́ ni mí, mo ti fẹ̀yìntì, orúnkún ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi wá èyí tó ń fúnra ẹ̀ rìn. Ọmọ mi ló rà á fún mi. Táyà ẹ̀yìn ló ń rìn, ó lágbára, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi, ṣùgbọ́n eré kan ṣoṣo ló mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ irin ọwọ́ ẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ó ti ń lọ nìyẹn, kò mọ̀ pé arúgbó ló ń tẹ̀lé òun. Níbi tí koríko ti fẹ́lẹ́ mo lè bá a rìn. Tó bá débi tó ki, ó yẹ kó rọra lọ kí bíléèdì ráyè jẹ ohun tó wà lẹ́nu ẹ̀ tán, kàkà bẹ́ẹ̀, á kàn sá wọ inú ẹ̀, koríko á sé e lọ́fun, á kú. Mo wá ń tẹ irin yẹn mo ń fi sílẹ̀, mo ń tẹ̀ ẹ́ mo ń fi sílẹ̀, kí n lè fi dín eré ẹ̀ kù, oṣù mẹ́rin kò pé tí béélìtì fi jẹ tán.

Èyí tí mo ní báyìí, a lè yí eré rírìn ẹ̀ sókè sódò, bíléèdì ò sì ní mọ̀, bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ náà ni yóò ṣe máa yí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè ìyẹn níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ rà á. Nínú koríko tó ki, mo máa ń mú un rìn bí ìgbín, mo sì máa ń jẹ́ kí ìdajì bíléèdì wà lórí ibi tí mo ti gé kọjá, ìdajì tó kù ni á máa jẹ tuntun. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n kì í kú mọ́.

Ẹ má gé e láàárọ̀ kùtù o. Ìrì máa ń jẹ́ kí koríko lẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹ̀ bí àmàlà. Ẹ jẹ́ kó tó aago 10 tàbí 11.

Ará Lágéré:

Èmi lo èyí tó ń lo bátìrì. Kò pariwo, kò sí wàhálà epo, àwọn aládùúgbò fẹ́ràn ẹ̀. Fún koríko kékeré iwájú ilé, mo lè búra fún un. Ọjọ́ tí mo gbé e wọ ibi tó ki, mi ò tíì gé dé ìdajì tí bátìrì fi lọ, kò sì síná ládùúgbò títí di ọjọ́ kejì. Elépo ni kẹ́ ẹ rà fún òkè yẹn.

Ará Ìmọ̀, Iléṣà:

Ọlọ́run á bá mi san án fún gbogbo yín. Mọ̀mí, ọ̀rọ̀ eré yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rí láyé. Agékoríko, owó ọwọ́ mi ò ká tuntun, tókúnbọ̀ ni n ó rà, báwo ni n ó ṣe yẹ̀ ẹ́ wò?

Agékoríko Ifẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tan án kẹ́ ẹ tó dé. Ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tó bá ti gbóná, ẹ ní ẹ ó dúró kó tutù, torí èyí tó bá ní àìsàn, ìgbà tó bá tutù ni ẹ ó mọ̀. Ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wo ọ́ìlì jáde, ẹ wò ó bóyá ó dúdú tàbí ó rùn bí epo. Láìtíì tan án, ẹ yọ wáyà tó wà lórí pọ́lọ́ọ̀gì, èyí tó ń ṣáná sí ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ìyẹn ni kẹ́ ẹ tó gbé e dẹ̀gbẹ́, kí ibi tí kábúrétọ̀, èyí tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, wà kọjú sókè kí ọ́ìlì má bàa ṣàn wọ̀ ọ́. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ abẹ́ irin ẹ̀, tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́, ẹ máa mọ̀. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e kalẹ̀, ẹ fà á sẹ́yìn láìtan án, ó yẹ kí táyà ẹ̀yìn yí wẹ́rẹ́, tó bá ń há tàbí tó ń ró kẹ̀kẹ̀kẹ̀, gíà inú táyà ti ń jẹ nìyẹn. Ní paríparí ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tan án lórí koríko. Ẹ má gbà kọnkéré mọ́ láé.

Tẹ́ ẹ bá sì dé orí òkè yín, ìbú ni kẹ́ ẹ máa gé e, ẹ má gé e lóòró lọ sókè lọ sísàlẹ̀, ẹsẹ̀ yín lè yọ̀ kó sì padà wá bá yín. Ibi tó bá dà jù, ẹ fi sílẹ̀ fún àdá.

Ará Ìmọ̀, Iléṣà:

Mo padà wá jábọ̀. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó rí èyí tó tẹ́ mi lọ́rùn. Méjì àkọ́kọ́ tí wọ́n mú jáde fún mi ti gbóná kí n tó dé, mo fi tiwọn sílẹ̀. Ẹ̀kẹta tutù, fífà méjì ló fi jí, táyà ẹ̀yìn ni, 175cc ni, eré ẹ̀ ṣe é yí. Mo ní kí wọ́n gbé e sórí koríko ẹ̀gbẹ́ títì, ẹni tó ń tà á kọ́kọ́ lọ́ra, lẹ́yìn náà ó gbà. Mo ra bíléèdì tuntun sí i, mo sì pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ̀ kí n tó lò ó rárá.

Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ti fi àdá ṣán ẹ̀yìnkùlé láti Ọjọ́bọ̀, a kó koríko ẹ̀ kúrò, a rí ìgò tó kún garawa méjì níbẹ̀. Àná tí í ṣe Sátidé ni mo gbé móà wọ̀ ọ́, íǹṣì 4, ìbú ni mo gbà, mo mú un rọra. Mo yọ àpò ẹ̀yìn kúrò kó máa tu koríko sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ku igun kan nítòsí kànga tí mi ò gbé e dé torí òkúta ibẹ̀ pọ̀. Kò kú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Màmá wa gbé àga jáde, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn títí mo fi ṣe tán, wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti rí ògiri ìsàlẹ̀ yẹn gbẹ̀yìn, pé bàbá wa ló fọwọ́ ara ẹ̀ mọ ọ́n. Tí òjò bá gbà fún wa ní Sátidé tó ń bọ̀, n ó sọ ọ́ kalẹ̀ sí íǹṣì 3.