Giramafóònù tẹ́nikẹ́ni ò mọ orúkọ ẹ̀: báwo lẹ ṣe mọ ọdún tí wọ́n ṣe tiyín?

Ẹ̀yin ará mi, giramafóònù alápòótí ńlá kan ni bàbá bàbá mi fi sílẹ̀, èyí tí fèrè ẹ̀ wà nínú tí ìlẹ̀kùn kékeré méjì bò ó, orúkọ abẹ́ ìdérí ẹ̀ kì í ṣe Victor kì í ṣe Columbia táwọn èèyàn mọ̀ dáadáa nídìí giramafóònù, orúkọ tí n ò gbọ́ rí ni, mo wá a títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, pàbó. Mo wá rí "Pat. 1909" lára apá tó gbé abẹ́rẹ́ dání, ha, mo pe gbogbo ẹbí, 1909 ni nǹkan wa o! Irọ́ ni. Ọdún tí wọ́n gba páténtì, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun téèyàn ṣe, nìyẹn, ohun tó sọ ò ju pé apá yẹn ò lè ṣáájú 1909 lọ, ó lè jẹ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìgbà yẹn ni wọ́n ṣe é.

Àǹtí kan tó máa ń tún wọn ṣe ló ní kí n yéé wá orúkọ yẹn kiri, kí n tú pákó tí mọ́tò, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí rẹ́kọ́ọ̀dù, so mọ́. Skúrù mẹ́rin péré. Mo gbé e sókè, Heineman ló wà lára mọ́tò! Ìgbà Ogun Àgbáyé Kìíní ni Heineman bẹ̀rẹ̀ sí í ta mọ́tò fáwọn ẹlòmíì ní Amẹ́ríkà, kó tó gbé rẹ́kọ́ọ̀dù OKeh jáde ní 1918. Nígbà yẹn àwọn tó ń kan àga àti bẹ́ẹ̀dì náà rọ́ wọnú iṣẹ́ yìí, wọ́n á ra mọ́tò níbí, ra apá lọ́hùn-ún, wọ́n á kan àpótí sí i, wọ́n á lẹ orúkọ tó bá wù wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tọ́jà kú ní nǹkan bí 1921, ọ̀pọ̀ wọn kógbá wọlé. Orí abẹ́rẹ́ tèmi tún ṣeé yí kó lè lu rẹ́kọ́ọ̀dù Pathé, tí ìlà ara ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọ̀pọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù yòókù, àṣà ìgbà yẹn náà nìyẹn.

Èsì ẹnì kan: Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa. Tèmi, fèrè bàbà tó ń dán gbinrin, àwòrán ajá tó ń tẹ́tí wà lára ẹ̀, ẹni tó tà á fún mi sọ pé 1905 ni wọ́n ṣe é. Mo tú u, mọ́tò giramafóònù alágbèéká ni wọ́n kì bọ àpótí tuntun, pákó inú ẹ̀ funfun bíi pé àná ni wọ́n là á. Ihò skúrù ló tú wọn fó, ti àtijọ́ ò bá ti tuntun mu. Ẹ yẹ ihò tiyín náà wò o.

Èsì ẹni tó kọ́kọ́ béèrè: Àbúrò, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ihò méjì wà lábẹ́ apá yẹn tí ò ní skúrù, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ apá mìíràn ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Apá tí mo tìtorí ẹ̀ pe gbogbo ẹbí!