Ìwo ni, kì í ṣe irun

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín. Ẹ̀gbọ́n wa tó ń kọ̀wé láti Zaria dábàá pé kí a máa pe cilia, àwọn nǹkan tín-ín-rín tó yọ síta lára sẹ́ẹ̀lì, ní "irun-asọ̀rọ̀", wọ́n ní irun ìpéǹpéjú ni ọ̀rọ̀ Látìn náà túmọ̀ sí. Ẹ̀gbọ́n, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n "irun" yẹn kò bá a mu rárá. Ìpéǹpéjú gan-an ni Látìn kọ́kọ́ fi pè kó tó kan irun orí rẹ̀. Ojú àwọn ará Róòmù sì nìyẹn, a ní ojú tiwa.

Bí abẹ bá gé irun, kò dun ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n awọ sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ló nà jáde tó bo cilia, ara awọ náà sì ni àwọn tó ń gba iṣẹ́ tí kẹ́míkà ń jẹ́ wà. Bí Hedgehog, èròjà purotéènì kan tó ń jíṣẹ́, bá ti ọ̀dọ̀ sẹ́ẹ̀lì mìíràn dé, Patched, purotéènì tó ń ṣọ́ cilia, á kúrò, Smoothened, purotéènì mìíràn, á wọlé, iṣẹ́ náà á sì dé inú sẹ́ẹ̀lì lọ́hùn-ún. Ọ̀nà yìí wà lára ohun tí ìka ọmọ inú oyún fi ń pé iye. Bí cilia bá lábùkù, ọmọ lè ní ìka mẹ́fà, èyí tí àwọn àgbà wa ń sọ ní Olúgbódi. Ṣé irun lásán ló ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ní Sátidé tó kọjá, mo ra ìgbín lọ́wọ́ ìyá kan lọ́jà Kubwa. Mo fi èékánná kan ṣóńṣó ìwo ọ̀kan, ó fà á wọlé wẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, ó tún yọ ọ́ síta díẹ̀díẹ̀, ó ń tọ́ afẹ́fẹ́ wò. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì ṣe máa ń fa cilia rẹ̀ wọlé kó tó pín sí méjì, tí á sì tún yọ òmíràn lẹ́yìn náà. Ìyá mi àgbà kò pe ohun orí ìgbín yẹn ní irun rí. "Ìwo sẹ́ẹ̀lì" ni mo dábàá. Ẹni tó ní àwọn èèyàn yóò kà á sí ìlú Ìwó, kí ó fi àmì ohùn sí i.

Ní ti "asọ̀rọ̀", gbígbọ́ ni cilia ń gbọ́ jù, àmọ́ ti Chlamydomonas, ohun alààyè inú omi tó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, a máa tú àpò wínníwínní jáde láti ṣóńṣó rẹ̀ bí ẹni ń ránṣẹ́, nítorí náà n kò ní bá yín jà lórí ìdajì yẹn. "Irun" ni kí ẹ yọ.